Bàbá Malachi Kì í Sọ Iye Méjì

Lójú ọ̀nà tó ti Ìgbó-Ọrà jáde sí Ìdèrè, lọ́wọ́ òsì, pátákó kan wà lára ògiri ilé kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Ohun tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sí i nìyí: "Z. AWÓYẸMÍ. MO Ń YẸ GÓÒLÙ, FÀDÁKÀ ÀTI OWÓ ÀTIJỌ́ WÒ. N KÌ Í RÀ. N KÌ Í TÀ. IYE KAN ṢOṢO NI MO Ń SỌ. OWÓ IṢẸ́: ₦500, Ì BÁÀ ṢE GÓÒLÙ, Ì BÁÀ ṢE IDẸ."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì sọ lọ́kàn mi pé irọ́ ni. Kì í ṣe pé mo kórìíra ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ìròyìn ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Mo ti rí pátákó ẹni tó ń wo gbogbo àìsàn sàn, mo ti rí ti ẹni tó ń kọ́ èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó mọ iye góòlù, tí kì í rà á, tí kì í sì í tà á, kí ló ń jẹ? Mo yà síbẹ̀ láti wádìí.

Zachariah Awóyẹmí ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Bàbá Malachi ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí Malachi, àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ó ga, ó gbẹ, ó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ títí tí ìlà apá rẹ̀ fi lè gé èèyàn lọ́wọ́, bírò méjì a sì máa wà lápò àyà rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ìjọba. Òun ló ń yẹ kòkó àti èkùrọ́ wò kí wọ́n tó gbà á sí ilé ìkẹ́rù. Yóò fi ọ̀bẹ kékeré la hóró kòkó, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò wọ̀n ọ́n, yóò sì lu òǹtẹ̀ mọ́ àpò. Gíréèdì kìíní. Gíréèdì kejì. Èyí tí kò bá tíì gbẹ, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ sí i: "Ẹ lọ tún un sá."

Mo wá ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n nígbà náà. Bàbá Òjó, tó ti fìgbà kan ra kòkó ní Èrúwà, ṣì ń bínú títí dòní.

"Ọkùnrin yẹn? Àpò méjìlá ló dá padà fún mi lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Òjò ń rọ̀ o, ó ní kí n lọ tún un sá! Mo fa ewúrẹ́ kan lọ fún un. Ó gbé ewúrẹ́ náà sórí òṣùwọ̀n, ó sọ iye kílò rẹ̀ fún mi, ó dá a padà."

"Ṣé ó purọ́ fún yín rí?"

"Ká ní ó mọ irọ́ pa ni, èmi ì bá ti kọ́ ilé kejì."

Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì. Màmá Malachi, ìyàwó rẹ̀, tó ń ta gàrí níwájú ilé náà, sọ fún mi pé "lọ tún un sá" ló sọ nígbà tí Malachi mú èsì ìdánwò wálé, òun náà ló sọ fún télọ̀ tó rán ẹ̀wù rẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi kan ló dúró de pásítọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ìwàásù náà dára, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Ọ̀dọ̀ Màmá Malachi ni góòlù ti wọ ilé náà. Keturah ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Adélékè, alágbẹ̀dẹ góòlù tí gbogbo Ìgbó-Ọrà mọ̀ láyé àtijọ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, àwọn ọmọkùnrin pín ilé àti ilẹ̀. Òun mú òkúta dúdú tí wọ́n ń ha góòlù lé, ìgò ásíìdì kan, àti ohun tó ti fojú rí ní ìsọ̀ bàbá rẹ̀. Ó kọ́ ọkọ rẹ̀ ní èyí tó jẹ́ ti òkúta. Nígbà tí Bàbá kò rí kòkó yẹ̀ wò mọ́, ó gbé òkúta náà sórí tábìlì, Malachi ra òṣùwọ̀n kékeré oníbátìrì fún un, ó sì ń fi iye tí wọ́n ń ra góòlù ránṣẹ́ sí i lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Èéṣe tí ẹ kì í fi í rà?" mo bi Bàbá.

"Ẹni tó ń díye lé nǹkan, tó tún fẹ́ rà á, ojú méjì ló fi ń wò ó," ó dáhùn. "Ọ̀kan ń wo góòlù, èkejì ń wo àpò ara rẹ̀. Èmi, ojú kan péré ni mo ní."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dùn-ún gbọ́, ìyẹn gan-an ló sì mú mi ṣiyèméjì sí i. Mo ti mú ẹ̀wọ̀n ọrùn kan dání tí mo rà ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà lọ́jà Èrúwà. Mo gbé e fún un, mo ní ìyá ìyá mi ló fi sílẹ̀ fún wa. Ó ha á lórí òkúta lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú sókè.

"Ṣé Èrúwà ni ìyá ìyá rẹ ti ń tajà?"

Mo san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà mi, mo sì fara balẹ̀ jókòó.

Ohun tí mo rí láàárín ọjọ́ méjì yà mí lẹ́nu. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́, kì í purọ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Ó ń sọ iye bí ẹni tó ń sọ ẹrù kalẹ̀: gbì! Ó parí. Oníbàárà á wò ó, á wo òṣùwọ̀n, á ní "Ẹ ṣé o, Bàbá," á sì wọ mọ́tò lọ bá Tàófíìk. Tàófíìk yìí ní ìsọ̀ góòlù nítòsí gáréèjì Èrúwà. Ó ń rà, ó ń tà, ó sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Màmá Yẹ́misí wọlé. Ìdèrè ló ti wá. Ó ń ta abọ́ oníke àti báfù ní ọjà Ìdèrè àti ti Tápà, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó ti ń pe oníbàárà láti òdìkejì títì fún ọgbọ̀n ọdún. Ìyá rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá. Nínú oṣù kẹta ọdún yìí, atẹ́gùn ká páànù orí ilé ìyá náà lọ sínú oko ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn, òjò sì ti ń sún mọ́lé. Òun àti àbúrò rẹ̀, Bámiṣẹ́, fẹnu kò pé kí àwọn ta ohun ọ̀ṣọ́ tí ìyá fi sílẹ̀, kí àwọn fi kan páànù mìíràn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ti ka gbogbo rẹ̀, pákó, páànù àti iṣẹ́, sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà.

Ó tú ìdì rẹ̀ sórí tábìlì. Ẹ̀wọ̀n ọrùn kan, yẹtí méjì, àti ìgò kan tó kún fún owó àtijọ́: kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì, ṣílè. Owó náà ń dán bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣe é.

Bàbá Malachi gbé ìgò náà sókè, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló fọ̀ wọ́n?"

"Èmi ni, Bàbá. Eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi bó wọn, láti àárọ̀ àná títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣé n óò wá kó ìdọ̀tí síwájú yín ni?"

"Ìdọ̀tí yẹn gan-an ni wọ́n ń rà!" Bàbá di orí mú. "Ẹni tó ń kó owó àtijọ́ jọ fẹ́ rí ọjọ́ orí lára rẹ̀. Màmá Yẹ́misí, ẹ̀ ń mú arúgbó lọ síbi tí wọ́n ti ń ka àgbà, ẹ wá fá irùngbọ̀n rẹ̀ dànù lọ́nà!"

"Ṣùgbọ́n fídíò kan wà lórí Wásáàpù, wọ́n ní kọ́bọ̀ oníhò kan péré ra mọ́tò ní Lọ́ndọ̀nù."

"Mọ́tò wo?"

"Wọn ò dárúkọ mọ́tò náà."

"Kí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Kódà tí ẹ kò bá fọ̀ wọ́n, irú èyí pọ̀ nílùú. Ẹ kó wọn fún àwọn ọmọ-ọmọ yín."

Ó mú yẹtí. Ó ha á, ó kán ásíìdì kan sí i, ìlà tó wà lórí òkúta ru, ó sì pòórá.

"Idẹ. Wọ́n kàn fi omi góòlù bò ó ni. Ẹ lọ tún un sá."

"Bàbá, yẹtí ni. Kì í ṣe kòkó."

Lẹ́yìn náà ó mú ẹ̀wọ̀n. Ìlà tirẹ̀ dúró gbọnin lórí òkúta, ásíìdì kò rí i gbé ṣe. Bàbá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Gíráàmù mẹ́jọ ààbọ̀. Ó yẹ fóònù rẹ̀ wò, ó ṣírò lórí bébà, ó tún un ṣírò láti ìsàlẹ̀ wá sókè.

"Góòlù ni. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà, ó lé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún," ó wí. Gbì.

Màmá Yẹ́misí kò fò sókè. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó kàn tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ fi nǹkan sí i, Bàbá."

"Sí kí ni?"

"Sí iye yẹn. Ó kéré."

"Màmá Yẹ́misí, n kò rà á."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà fi nǹkan sí i."

"Kí ni kí n fi sí i? Iye tó jẹ́ ni mo sọ! Ó wà lára pátákó níta."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká sòótọ́." Màmá Yẹ́misí rẹ ohùn sílẹ̀. "Kò sí ẹni tó ń fi òpin ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin bẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé iye tó jẹ́ gan-an lè jẹ́ mílíọ̀nù méjì, ó sì lè jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún. Èwo ni kí n dì mú?"

"Èyí tí mo sọ!"

"Ẹ̀ ń ṣàánú mi ni. Torí pé ìyá mi kú." Ó ti ń di ẹrù rẹ̀. "Ti Tàófíìk yé mi. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ ló kọ́kọ́ sọ, mo ná an, mo ná an, títí ó fi dé irinwó. Mo mọ ọ̀nà tí mo gbà dé ibẹ̀. Bámiṣẹ́ náà ti gbà. Lọ́jọ́ Ẹtì ni Tàófíìk ń kówó bọ̀ ní Ìdèrè. A óò fi kan ìdajì páànù ná. Ìdajì tó kù, Ọlọ́run á pèsè."

Ó san owó iṣẹ́ ti ọjọ́ yẹn, ó sì jáde.

Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀. Ó yíjú sí mi.

"Ìwọ oníròyìn, ṣé mo purọ́ fún un?"

"Rárá, Bàbá."

"Kí ló wá dé tó fi fẹ́ ta ohun tó tó ẹgbẹ̀rin ní ìdajì iye rẹ̀?"

Màmá Malachi ló dáhùn láti ìdí gàrí. "Ẹ kò jẹ́ kó ná an."

"Ná kí ni? Ọjà wà níbẹ̀ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ń pariwo pé kò sí ọjà níbẹ̀. Lójú obìnrin yẹn, ọjà ni. Iye tí kò bá fi ẹnu ara rẹ̀ fà jáde, kò lè gbà pé òun ló ni ín. Bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé nǹkan wá pé kó bá wọn wò ó, kò jẹ́ sọ iye rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Á sọ ìdajì, wọn á bá a jà, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Bó bá dé ibi tó jẹ́, á dúró. Inú wọn á dùn, wọn á máa lọ."

"Bàbá rẹ ń purọ́ nígbà náà!"

"Bàbá mi ń kí wọn ni. Bí àlejò bá wọlé, ṣé ẹ óò kàn gbé iyán sí i lọ́wọ́ láì kí i kú àbọ̀?"

"Irọ́ ni, Keturah. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, n kò fi gíréèdì kejì pe gíréèdì kìíní."

"Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí òjò máa rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá arúgbó wọn."

"Ìyá arúgbó wo? Ṣebí ìyá wọn ti kú?"

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kó dùn yín ni."

Ní ọjọ́ Rú, mo lọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fúnra mi. Mo kọ́kọ́ pe ẹnìkan tó ń tún góòlù rọ ní Ìbàdàn, mo sọ ìwọ̀n ẹ̀wọ̀n náà fún un àti irú góòlù tó jẹ́. Iye tó sọ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin péré dín sí ti Bàbá. Lẹ́yìn náà mo lọ sí Èrúwà lọ rí Tàófíìk. Mo ti múra sílẹ̀ de ọ̀daràn. Ọ̀dọ́kùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan ló gbé àga fún mi, ó ra omi tútù fún mi.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n yẹn ju ìdajì mílíọ̀nù lọ?" mo bi í.

"Mo mọ̀ dáadáa. Ó tó ẹgbẹ̀rin."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún un?"

"Ó béèrè iye tí mo fẹ́ rà á, mo sọ iye tí mo fẹ́ rà á. Kò béèrè iye tó jẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Oníròyìn, tí ẹ bá fẹ́ ra bàtà, ṣé ẹ máa ń sọ fún oníbàtà pé ẹ ní owó lápò? Ẹ kọ orúkọ mi dáadáa o. Àmì wà lórí ó, àmì wà lórí í."

Nígbà tí mo padà dé Ìgbó-Ọrà, Bàbá kò tíì jẹun ọ̀sán. Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún un. Ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó wo pátákó rẹ̀, ó rìn padà. Ojú ọ̀run ti ṣú sí ọ̀nà Ìdèrè.

"Keturah," ó pè, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n yọ eyín òun. "Wá ṣe oníbàárà."

Màmá Malachi nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó síwájú rẹ̀. Ó gbé ẹ̀wọ̀n ti èmi, ẹgbẹ̀rún méjì náírà, sórí tábìlì. "Ẹ káàsán, Bàbá. Ká ní èyí ni ẹ̀wọ̀n Màmá Yẹ́misí. Èló ló jẹ́?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin, ó lé—"

"Bàbá Malachi!"

"Ẹnu mi ló yọ̀. Bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Èló ló jẹ́?"

"Idẹ ni. Kò tó ẹgbẹ̀rún méjì."

Ó tó ìgbà mẹ́jọ kí ó tó lè pe ọ̀ọ́dúnrún jáde lẹ́nu, nígbà tó sì pè é, ó ní kí a dákẹ́, kí òun gbàdúrà díẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ránṣẹ́ sí Màmá Yẹ́misí pé kí ó mú ẹ̀wọ̀n padà wá, òun fẹ́ tún un wọ̀n, òun kò gba owó iṣẹ́. Obìnrin náà dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ó dúró lójú ọ̀nà, kò tilẹ̀ jókòó. Ẹni tó fẹ́ tètè lọ ni.

Bàbá gbé ẹ̀wọ̀n sórí òṣùwọ̀n. Ó ń wo àjà.

"Mo tún un yẹ̀ wò. Ẹgbẹ̀rún... lọ́nà... ọ̀ọ́dúnrún."

Òógùn kan kán láti iwájú orí rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n náà kà á.

"Ọ̀ọ́dúnrún kẹ̀!" Màmá Yẹ́misí pariwo, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là bí ẹni tó pàdé ará ilé rẹ̀ nílùú òkèèrè. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì, ó tú gèlè, ó fi gbàjá. "Ẹ̀wọ̀n ìyá mi! Bàbá, ẹ̀rù Ọlọ́run ò bà yín? Mílíọ̀nù kan ààbọ̀."

"Irọ́ ńlá!" Bàbá fò dìde.

Màmá Malachi wúkọ́ láti ìdí gàrí. Bàbá jókòó.

"Mo ní... ó ti pọ̀ jù. Àádọ́ta lé lọ́ọ̀ọ́dúnrún."

"Ẹ̀yin alára ẹ wò ó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ní góòlù gidi ni. Mílíọ̀nù kan ó lé ọ̀ọ́dúnrún, torí pé ẹ jẹ́ àgbà ìjọ."

"Ẹgbẹ̀rin!"

Ikọ́ Màmá Malachi le débi pé ẹni tó ń kọjá lọ ní títì kí i kú ara líle.

"Irinwó," ni Bàbá wí kíákíá. "Irinwó ni mo fẹ́ sọ."

"Mo gbọ́ ẹgbẹ̀rin o."

"Ẹ kò gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́ ọ! Màmá Malachi, ṣé ẹ kò gbọ́ ọ?"

"Èmi ń wọn gàrí," ni Màmá Malachi fèsì.

Láti ibẹ̀, Màmá Yẹ́misí kò jẹ́ kó sinmi. Ó sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ra ẹ̀wọ̀n náà lọ́dún tí ẹ̀gúsí gbówó lórí, bó ṣe fi í pamọ́ sínú àpò ìrẹsì nígbà tí olè ń jà ní Ìdèrè. Ó dìde lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń lọ, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wẹ̀yìn. Nígbà àkọ́kọ́, Bàbá jẹ́ kó lọ, àfi ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ sọ ìwọ̀n gàrí lù ú lẹ́yìn kó tó rántí pé ó yẹ kí òun pè é padà. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ẹgbẹ̀ta. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Bí iye náà ṣe ń sún mọ́ òótọ́ ni ara Bàbá ń balẹ̀, òógùn rẹ̀ ń gbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ń nà. Ní ẹgbẹ̀rin, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti rí ilé rẹ̀ lókèèrè. Ní ogún lé lẹ́gbẹ̀rin, ó dúró.

"Ẹ fi ọgbọ̀n péré kún un, kó di àádọ́ta," ni Màmá Yẹ́misí wí.

"Rárá."

"Mẹ́wàá."

"Rárá."

"Márùn-ún, Bàbá, tìtorí ọmọ òrukàn."

"Ọmọ òrukàn, lọ́mọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta!" Bàbá lu ọwọ́ mọ́ tábìlì gẹ́gẹ́ bó ṣe ń lu òǹtẹ̀ mọ́ àpò kòkó láyé ọjọ́un. "Ó tó! Ẹ pe pásítọ̀. Ẹ pe kóòtù. Kọ́bọ̀ kan, kọ́bọ̀ oníhò kan ṣoṣo, n kò ní fi kún un!"

Màmá Yẹ́misí wò ó láti orí dé ọwọ́ tó fi lu tábìlì.

"Ó ti kan ògiri," ó sọ fún Màmá Malachi, ohùn rẹ̀ tutù.

"Ó ti kàn án," ni Màmá Malachi dáhùn.

"A jẹ́ pé iye rẹ̀ nìyẹn." Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó fi ẹ̀wọ̀n sínú ìdì. Ní ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Bàbá, ẹ̀yin náà ò dáa o. Ẹ fẹ́ fi ọ̀ọ́dúnrún rẹ́ mi jẹ!"

Bàbá lanu. Ìyàwó rẹ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Mo wà ní Ìdèrè lọ́jọ́ Ẹtì. Tàófíìk kówó wá nínú báàgì dúdú, ó kí gbogbo èèyàn, ó ń ka owó jáde. Màmá Yẹ́misí ní kí ó dá a padà sínú báàgì, kí ó jókòó, kí ó mu omi.

"Ogún lé lẹ́gbẹ̀rin," ó wí.

Tàófíìk rẹ́rìn-ín. "Màmá, a ti parí ọ̀rọ̀. Ta ló sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Bàbá Malachi ti Ìgbó-Ọrà ní ọ̀ọ́dúnrún ni, mo ná an dé ibẹ̀. Ṣé o mọ Bàbá Malachi? Òkúta ni. Bí mo bá lè fọ́ òkúta, Tàófíìk, kí ni ìwọ?"

Tàófíìk wò mí. Mo wo ìwé mi. Wákàtí méjì ni wọ́n fi ná an, lójú Bámiṣẹ́ àti ìdajì àdúgbò. Ìgbà mẹ́ta ni Tàófíìk wọ mọ́tò, ìgbà mẹ́ta ló tún sọ̀ kalẹ̀. Àádọ́rùn-ún lé lẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni wọ́n fi gbà. Ó ṣì rí èrè níbẹ̀, mo bi í, kò sì sẹ́. Nígbà tó kà á tán, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ kò ní wá máa bá mi jókòó nísọ̀?"

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ti kan páànù tuntun sórí ilé ìyá, ó ń tàn débi pé Bámiṣẹ́ ní òun ń rí i láti orí òkè. Ṣùgbọ́n Bàbá Malachi kò sùn dáadáa. Ó ti fẹ́ lọ sọ fún pásítọ̀; ìyàwó rẹ̀ ní pásítọ̀ ṣì ń rántí ìwàásù tí kò gbẹ. Nígbà tí Màmá Yẹ́misí wá san owó iṣẹ́ ti Ọjọ́bọ̀ tí Bàbá kọ̀ láti gbà, ó bá a tó dìde dúró dè é.

"Màmá Yẹ́misí, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Ọ̀ọ́dúnrún tí mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà, irọ́ ni. Mo mọ̀ pé ó tó ogún lé lẹ́gbẹ̀rin kí ẹ tó wọlé."

Màmá Yẹ́misí wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé omi tutù.

"Bàbá, mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ta ló ń fi iye ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ ọjà? Èmi náà ńkọ́? Irinwó tí mo ní Tàófíìk sọ, ọ̀ọ́dúnrún ni."

Bàbá jókòó wọ̀ọ̀. "Ẹ purọ́ fún mi? Níbi tábìlì mi?"

"Mo kí yín ni, Bàbá."

Ẹ̀rín pa Màmá Malachi tó bẹ́ẹ̀ tí gàrí fi dà sílẹ̀. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó wo àwọn méjèèjì, ó sì na ọwọ́.

"Owó iṣẹ́ mi dà? Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà."

"Bàbá, ẹ gba ọ̀ọ́dúnrún. Ìgbà kejì nìyí tí ẹ ń wọn nǹkan kan náà."

Mo gbé bírò mi sókè, mo dúró de ariwo. Bàbá wo ògiri tí pátákó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ níta. Ó gbé òṣùwọ̀n rẹ̀, ó nù ún, ó gbé e kalẹ̀.

"Ẹgbẹ̀rún kan," ni Bàbá Malachi wí.

Màmá Yẹ́misí tú gèlè rẹ̀, ó sì fa àga sún mọ́ tábìlì.